Ọdún tí Ìyé Gun Kẹ̀kẹ́

Ìró ṣéènì ló máa ń jí mi lọ́dún náà. Kí àkùkọ ilé wa tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, kí Ìyé Àgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ nínú yàrá rẹ̀, màá ti gbọ́ ìró ṣéènì kẹ̀kẹ́ ológeere tó ń gba ẹ̀gbẹ́ kànga kọjá, màá sì mọ̀ pé ìyá mi ti jáde. Ìyé ni mò ń pè é, bí àwa ọmọ Ìkálẹ̀ ṣe máa ń pe ìyá wa. Oorun mi tán nìyẹn. Màá dùbúlẹ̀, màá máa fọkàn bá a lọ: ó ti dé ìdí igi òroǹbó, ó ti já sí títì, ó ti kọjú sí ọ̀nà Òkìtìpupa láàárín oko ọ̀pẹ, níbi tí àwọn ọkọ̀ gẹdú ti máa ń sá eré àsápajúdé. Bí ọkọ̀ kan bá fọn fèrè lọ́ọ̀ọ́kán, àyà mi á já. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí mi ò tíì gbọ́ kó padà, màá mú ìgbálẹ̀, màá lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, màá máa gbá ojú kan náà títí erùpẹ̀ ibẹ̀ á fi fẹ́ẹ̀ tán. Títí dòní tí èmi náà ti bímọ, bí ẹni tí mo fẹ́ràn bá jáde nílé ní ìdájí, n kì í lè jókòó.

Ìkọ̀yà la ń gbé, nínú agboolé tí bàbá bàbá mi kọ́ kó tó kú. Bàbá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé. Ọkọ̀ gẹdú ló ń wà, ó lè pẹ́ gan-an lójú ọ̀nà kó tó yà wá wò. Èmi, Ìyé, àti Ìyé Àgbà tó bí bàbá mi la jọ ń gbélé. Púpurú ni iṣẹ́ Ìyé. Bí wọ́n bá ti gbé ẹ̀gẹ́ dé láti oko, a ó bó o, a ó rẹ ẹ́ sómi títí á fi rọ̀, a ó fún omi rẹ̀ dànù, Ìyé á wá fi ọwọ́ méjèèjì mọ ọ́n róbótó-róbótó, a ó tò ó sórí àjà lókè iná kí èéfín gbẹ ẹ́. Gbogbo agboolé wa ló ń rùn fún èéfín àti ẹ̀gẹ́ kíkan. Aṣọ ilé ìwé mi ń rùn fún un, irun orí mi náà ò gbẹ́yìn. Ìyé sì tóbi. Ó tóbi débi pé káfíńtà ló dìídì kan àga tó ń jókòó lé lọ́jà fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀. “Ìyá Tópẹ́, ẹni tó ń ta oúnjẹ tó sì mọ̀ ọ́n jẹ,” ni àwọn oníbàárà máa ń kí i. Ìyé Àgbà a máa fi í yangàn fún àlejò: “Ẹ wo ara ìyàwó ọmọ mi. Ṣé wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ àbí wọn ò tọ́jú ẹ̀?” Ní ilé wa, àwo oúnjẹ la fi ń sọ fún ara wa pé a fẹ́ràn ara wa. Ẹni tó bá ṣẹ́ oúnjẹ kù, ó ti ṣẹ ẹni tó sè é.

Ìjọ Aládùúrà là ń lọ. Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn àdúrà ìkúnlẹ̀, gbogbo ìjọ dìde, Ìyé kò dìde. Ó fi ọwọ́ tẹlẹ̀, ó gbìyànjú, orókún rẹ̀ kọ̀. Ó tún gbìyànjú. Orin ti bẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ti ń jó, Ìyé ṣì wà nílẹ̀ nínú sùtánà funfun rẹ̀ bí ẹni pé àdúrà tirẹ̀ kò tíì tán. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nìkan ló rí i pé omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Màmá Rónkẹ́, tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jà, ké sí àwọn ìyá mìíràn, wọ́n sì fà á dìde bí ìgbà tí wọ́n ń fa ọkọ̀ tó rì sẹ́rẹ̀. Màmá Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá Tópẹ́, ẹ jẹ́ ká máa gbé àga fún yín lọ́jọ́ mìíràn o.” Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ìyé náà rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ kejì ó mú mi dání lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ ọn lápá, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, ó mi orí. “Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, Mà. Ẹ ó lo òògùn. Àmọ́ bí ẹ ò bá dín oúnjẹ kù, tí ẹ ò sì máa lo ara yín dáadáa lójoojúmọ́, òògùn nìkan ò ní lè gbà yín.” Ìyé bi í bóyá irú èyí tó mú ìyá òun náà ni. Ìyá Ìyé ti ṣubú nídìí ààrò ní Ìrẹ̀lẹ̀ kí n tó gbọ́njú dáadáa; apá kan àti ẹsẹ̀ kan kú, Ìyé ló sì ń fi ṣíbí bọ́ ọ bí ọmọ títí ó fi lọ. Nọ́ọ̀sì wò ó lójú, ó ní, “Irú ẹ̀ ni, Mà.” Ìyé dìde, ó dúpẹ́. Nígbà tí a délé, kò bọ́ aṣọ tó wọ̀ jáde. Ó lọ ṣí ilé kékeré tí a ń kó ẹrù sí lẹ́yìnkùlé, ó wọ́ kẹ̀kẹ́ bàbá bàbá mi jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àkísà nu eruku rẹ̀.

“Kẹ̀kẹ́ ọkọ mi nìyẹn,” Ìyé Àgbà sọ láti ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìdáná.

“Mo mọ̀, Mà.”

“Kò sí obìnrin tó gùn ún rí nílé yìí.”

“Mo ti gun kẹ̀kẹ́ rí ní Ìrẹ̀lẹ̀, Mà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ mi.”

“O kéré nígbà yẹn.”

“Ìdí tí mo fi fẹ́ gùn ún nìyẹn, Mà. Mo fẹ́ tún kéré.”

Ìyé Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó wọlé, ó sì fi ilẹ̀kùn gbá fìrìmù.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ìyé kò tíì kọjá igi òroǹbó tí òun àti kẹ̀kẹ́ fi wọgbó. Àwọn ọmọ agboolé pariwo, adìẹ fọ́n ká. Mo sáré lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójúgun rẹ̀, ewé wà lórí rẹ̀, ó sì ń mí bí ẹni tí wọ́n lé dé ibẹ̀. “Gbé kẹ̀kẹ́ yẹn dìde,” ló sọ fún mi. “Èmi náà ń bọ̀.” Láti ọjọ́ kejì ló ti ń jáde ní ìdájí, kó má baà sẹ́ni tí yóò máa wò ó, ó wọ ṣòkòtò bàbá mi kan sábẹ́ ìró. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń tì í ju bó ṣe ń gùn ún lọ. Nígbà tó yá ó ń dé orí òkè tí ọ̀nà ti yà. Nígbà tó tún yá, ó ń sọ fún mi pé òun rí àwọn tó ń gé ẹyìn nínú oko ọ̀pẹ, wọ́n sì ti ń kí òun, mo wá mọ̀ pé ọ̀nà rẹ̀ ti ń jìn, àìbalẹ̀ ọkàn mi sì ń jìn sí i.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ rọrùn ju oúnjẹ lọ. Ẹ rò ó wò: ẹni tó jẹ́ pé láti òwúrọ̀ dalẹ́, púpurú ló ń fọwọ́ mọ, tí kò sì gbọdọ̀ jẹ ju òkèlè díẹ̀ lọ. Ó dá búrẹ́dì dúró, ó dá mínírà tó máa ń mu lọ́jà dúró, ó dín epo inú ọbẹ̀ kù, ní ìlú tó jẹ́ pé epo ló bọ́ gbogbo wa. Ẹ̀fọ́ àti ẹja ló ń jẹ, àti ẹ̀wà, àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀, kò tún fi nǹkan kan kan ẹnu mọ́ àfi omi. Ebi kì í jẹ́ kó jókòó. Màá rí i tó ń gbá àgbàlá tí mo ti gbá, tó ń tún ìkòkò tó mọ́ fọ̀, tó ń to igi ìdáná, tó ń tú u, tó tún ń tò ó. Bí mo bá ń jẹun, á kọjá lẹ́yìn mi, á padà, á tún kọjá. Ọkàn èmi náà kò balẹ̀ mọ́. Mo wá ń yára jẹun bí olè. Ìyé Àgbà kò sì ràn án lọ́wọ́. Ó ń bu oúnjẹ fún un bó ṣe máa ń bù ú tẹ́lẹ̀, gàgàrà, á sì gbé e síwájú rẹ̀, á dúró. Ìyé á dúpẹ́, á jẹ díẹ̀, á ti ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ṣé ọbẹ̀ mi ń rùn ni?” Ìyé Àgbà á bi í. “Rárá, Mà. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run ni, Mà.” “Èmi tí mo ti ń gba ọ̀nà ọ̀fun láti ọjọ́ yìí, ṣé ọ̀run ni mo ti ń bá ẹ sọ̀rọ̀?” Ẹ̀rín á pa mí, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ rín in.

Ní Àkúrẹ́ tí mò ń gbé báyìí, ilé kan wà ládùúgbò wa tí àwọn obìnrin ti ń wọ aṣọ fífún gun kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan. Wọ́n ń kàn sáárá síra wọn bí wọ́n bá fọn díẹ̀. Ní Ìkọ̀yà ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń kàn sáárá sí ẹni tó ń fọn. Wọ́n kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ Ìyé. Aránṣọ dín sùtánà rẹ̀ kù, ó tún dín in kù lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn ìyá ìjọ ní ó ti di ọmọge. Lẹ́yìn náà ẹnu wọn pa rọ́rọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí, kí n tó mọ ohun tó fà á. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ àrùn kògbóògùn wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Ó wà nínú rédíò, ó wà lára pátákó níwájú ilé ìwòsàn, àwòrán ọkùnrin kan tó rù kan egungun. Ẹni tó bá ti rù, ojú ọkùnrin inú pátákó yẹn ni wọ́n fi ń wò ó. Wọ́n sì ń sọ pé àwọn awakọ̀ ọ̀nà jíjìn ló ń gbé e wálé fún ìyàwó wọn.

Rónkẹ́ ni mò ń bá jókòó ní kíláàsì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó kó ìwé rẹ̀ kúrò lórí tábìlì wa. Mo bi í pé kí ló dé. Kò wo ojú mi. Ó ní, “Màmá mi ní kí n má fi ife ẹ mumi mọ́. Wọ́n ní ìyá ẹ ti kó kògbóògùn.” Mi ò bá a jà. Mo jókòó sórí àga gígùn náà ní èmi nìkan títí wọ́n fi lu aago. Nígbà tí mo délé, mo bá Ìyé tó ń kó púpurú tí kò tà padà sórí àjà. Èyí tó gbé lọ sọ́jà kò tà lọ́sẹ̀ náà, kò tà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, òun sì rò pé ọ̀wọ́n epo ọkọ̀ ni kò jẹ́ káwọn èèyàn ra nǹkan. Mo dúró, mo sọ fún un bí Rónkẹ́ ṣe sọ ọ́ fún mi gan-an. Ó mú púpurú kan dání, ó ń yí i, ó ń yí i. “Màmá Rónkẹ́ ló sọ bẹ́ẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé púpurú náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo wá a, mi ò rí i. Ẹ̀yìn ilé èéfín ni mo ti bá a níkẹyìn, ó jókòó sórí ìtì igi, ìkòkò ọbẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, púpurú tó rò wà nínú ọpọ́n, ó sì ń jẹ ẹ́ láìgbé orí sókè. Ó rí mi, kò dáwọ́ dúró. “Tópẹ́,” ló sọ, òkèlè ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, “bí mo bá jẹ ẹ́, wọ́n á ní ara mi ti yá. Bí mi ò bá jẹ ẹ́, wọ́n á ní mò ń kú lọ. Àmọ́ bí mo bá jẹ ẹ́, mo lè kú lóòótọ́.” Ó tún mú òkèlè kan. Ó wò ó. Ó wá ju ìyẹn fún adìẹ, ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára ìró, ó sì sunkún bí ọmọdé, pẹ̀lú ohùn. Mo jókòó tì í, mo ń lé adìẹ. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo tẹ́tí. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ṣéènì.

Bàbá mi dé láìròtẹ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún un ní Òrè. Kò jókòó, kò gba omi tí mo gbé fún un. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín yàrá ìgbàlejò wa, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. “Dá a dúró,” ló sọ fún Ìyé. “Kẹ̀kẹ́ yẹn, ebi tí ò ń fi ń pa ara ẹ, dá gbogbo ẹ̀ dúró. O mọ ohun tí wọ́n ń sọ? Wọ́n ní èmi ni mo kó o ràn ẹ́. Ẹlẹ́gbẹ́ mi ò fẹ́ bá mi sun inú ọkọ̀ mọ́!”

“Bàbá Tópẹ́,” ni Ìyé sọ, “ẹ jẹ́ ká lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.”

Bàbá mi dúró. Kọ́kọ́rọ́ náà dákẹ́. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo rí ìbẹ̀rù lójú rẹ̀, mo sì rí i pé Ìyé náà rí i. “Àyẹ̀wò kí la fẹ́ lọ ṣe?” ló bi í. “Ṣé ìwọ náà gbà wọ́n gbọ́ ni?”

“Mi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Mo fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ mi tí mo lọ yẹ̀ wò lọ́jọ́sí, òun ló jẹ́ kí n ṣì wà láàyè.”

Ìyé Àgbà ló sọ̀rọ̀ láti inú yàrá rẹ̀, kò tilẹ̀ jáde. “Bá a lọ,” ló sọ fún ọmọ rẹ̀. “Bí ọkàn ẹ bá mọ́, kí lò ń sá fún? Bí kò bá sì mọ́, ó ti pẹ́ jù láti sá.”

Wọ́n lọ sí ọsibítù ní Òkìtìpupa lọ́jọ́ kejì. Bàbá mi gun ọ̀kadà. Ìyé kò gun ọ̀kadà. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èmi àti Ìyé Àgbà ṣẹ́kù sílé. Ó ní ká ṣa ẹ̀wà. A ṣà á tán, ó dà á padà sínú atẹ, ó ní òkúta ṣì wà níbẹ̀, a tún un ṣà. Kò sí òkúta kankan. Bí ọ̀kadà kan bá ti ń bọ̀ lójú ọ̀nà, àwa méjèèjì á gbé orí sókè, ọ̀kadà náà á kọjá, a ó tún tẹrí ba. Ìgbà kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀: “Èmi ni mo ń fi oúnjẹ lé e kiri.” Mo ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Ìyé ló kọ́kọ́ dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó fi ara tì í, òógùn bò ó. Ìyé Àgbà dìde, ẹ̀wà dà sílẹ̀. “Kò sí nǹkan kan, Mà,” ni Ìyé sọ. “Kò sí lára mi, kò sí lára ọmọ yín.” Ìyé Àgbà tún jókòó, ó ní, “Ọmọ mi dà?” “Ó ń bọ̀. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fún òun náà. Tiẹ̀ ga ju tèmi lọ. Ó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀.” Mo rántí pé Ìyé Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Bó bá ti bọ́ sílẹ̀, ta ló fẹ́ kó o jọ? Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí wọ́n rí ní ọsibítù, Ìyé sì kọ̀ láti máa kiri sọ ọ́. “Ṣé kí n so ẹ̀jẹ̀ mi mọ́ ọrùn ni?” ló sọ. Púpurú ṣì wà lórí àjà. Nígbà tí ọjọ́ ọjà tún kò, Ìyé Àgbà, tí kì í lọ sọ́jà mọ́ nítorí ojú rẹ̀ tó ń ṣe bàìbàì, ní kí n fa òun lọ́wọ́. Ó gbé oúnjẹ dání, púpurú àti ọbẹ̀ ẹja, nínú abọ́ kan tó ní ìdérí. Ó jókòó sídìí ẹrù Ìyé, lójú gbogbo ọjà, ó ṣí abọ́ náà. “Bọwọ́,” ló sọ. Ìyé wò ó. “Mo ní kí o bọwọ́.” Àwọn méjèèjì jẹun nínú abọ́ kan náà. Ìyé ń bu òkèlè kékeré rẹ̀, Ìyé Àgbà kò sì sọ pé kó bu ńlá. Ó gbé ife omi, ó ní kí Ìyé kọ́kọ́ mu, ó gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó mu ìyókù tán. Ó wá gbé ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa sí ibi tí òórùn ẹja gbígbẹ ti ń wá, ó ní, “Màmá Rónkẹ́, ṣé o wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbí, Mà.”

“Bí mo bá kú, kí o wá bi wọ́n nílé wa ohun tó pa mí.”

Obìnrin kan láti Òde-Ayé ló kọ́kọ́ ra púpurú lọ́jọ́ náà, bóyá nítorí kò gbọ́ ìtàn náà rí ni. Àwọn yòókù padà díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan kò padà mọ́ láé.

Àkókò òjò ti ń wọlé nígbà tí Màmá Rónkẹ́ wá sílé wa. Ìdájí ni, Ìyé ti gbé kẹ̀kẹ́ jáde. Mo gbọ́ ohùn Màmá Rónkẹ́ níta, mo sì yọjú lójú fèrèsé. Ó dúró sẹ́bàá kànga, ó fi ìborùn bo orí, òun náà ti tóbi gan-an lọ́dún náà. Ó ní, “Ìyá Tópẹ́, ẹ má bínú.” Ó ní, “Nọ́ọ̀sì bá mi sọ̀rọ̀ lánàá. Irú èyí tó bá yín sọ.” Ìyé ṣì di kẹ̀kẹ́ mú. Ó ní, “Ṣé ẹ mọ kẹ̀kẹ́ gùn?” Màmá Rónkẹ́ ní òun ò gùn ún rí. “Ẹ bọ́ bàtà yẹn sílẹ̀,” ni Ìyé sọ, “ẹ so ìró yín dáadáa.”

Ìyé Àgbà ti dé ẹ̀yìn mi lójú fèrèsé. A jọ ń wò wọ́n bí wọ́n ti ń jáde lọ sí títì: Màmá Rónkẹ́ lórí ìjókòó, ó ń kígbe Jésù ní gbogbo ìgbà tí kẹ̀kẹ́ bá mì, Ìyé lẹ́yìn rẹ̀, tó di ìjókòó mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, tó ń sáré. Nígbà tí Ìyé padà dé, Ìyé Àgbà bi í pé, “Ṣé o ti dárí jì í ni?”

Ìyé fi etí ìró nu ojú rẹ̀. “Mi ò tíì dárí jì í, Mà,” ló sọ. “Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ kẹ̀kẹ́ gùn ná.”